Ọláwoyin àti ààlà tó gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá

Ní oko, bí àgbẹ̀ méjì bá fẹ́ mọ ààlà wọn, àwọn méjèèjì ló máa ń dúró síbẹ̀. Ọ̀kan á di okùn mú ní ìhín, èkejì á dì í mú ní ọ̀hún, wọ́n á sì gbin pèrègún lójú ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí ọmọ-ọmọ wọn kì í fi í fà á tu. Ṣùgbọ́n ààlà tó ya ilẹ̀ Kàbà sọ́tọ̀ kúrò lára Èkìtì àti Àkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fa ìlà náà kò pe onílẹ̀ kankan síbẹ̀. Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọrọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Okun lónìí nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n sì bá ara wọn ní Àríwá.

Ọ̀kan lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn bèèrè pé kí wọ́n tún ìlà yìí wò ni Olóyè Josiah Sunday Ọláwoyin. Ọmọ Ọffà ni, kì í ṣe ọmọ Kàbà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jà fún kan Kàbà gan-an bó ṣe kan Ọffà, nítorí ìlà kan náà ló sé àwọn méjèèjì mọ́lé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2000 ló sì papòdà, lẹ́ni ọdún 75. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Okun tó ń sọ̀rọ̀ nípa ààlà lónìí ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìlà tí wọn kò pe onílẹ̀ sí

Kí a tó lè mọ ohun tí Ọláwoyin ń lé, ó yẹ kí a mọ ibi tí ìlà náà ti wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ló ń kó ilẹ̀ Okun lógun. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ìlú ló sá gun orí òkè nítorí wọn. Láàárín àkókò kan náà ni ogun Ìlọrin fọ́ Ọffà, tí àwọn ará ibẹ̀ fọ́n káàkiri. Ohun tí ojú Kàbà rí lọ́wọ́ Bídà fara jọ ohun tí ojú Ọffà rí lọ́wọ́ Ìlọrin.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, Sir George Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà. Kí wọ́n tó dé, àwọn ọmọ ogun Tápà tó pàgọ́ síbẹ̀ ti kó ẹrù wọn lọ. Goldie kọjá lọ bá Bídà jà, ó ṣẹ́gun. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó ṣẹ́gun Ìlọrin pẹ̀lú. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun, Ẹmíà Ìlọrin gbà pé ibi tí ilé-iṣẹ́ náà bá ní kí ààlà òun pẹ̀lú Èkó wà, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Báyìí ni oníṣòwò kan ṣe di ẹni tó ń pààlà fún àwọn ọmọ Oòduà.

Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Lugard ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja. Ibi tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Goldie ní apá yìí di Àríwá. Ibi tó wà lábẹ́ Èkó di Gúúsù. Kàbà àti Ìlọrin bọ́ sí Àríwá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Èkìtì bọ́ sí Gúúsù. Ní 1914, Lugard pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò pa ìlà náà rẹ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìhín, àbúrò wà ní ọ̀hún.

Ọ̀tùn kọjá, Kàbà dúró

Àwọn kan máa ń sọ pé ààlà tí òyìnbó bá ti pa, ó ti parí náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọ̀tùn, tí Ọọ̀rẹ̀ ń jọba lé lórí, tó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú Èkìtì, wà lábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba òyìnbó. Àwọn ará Ọ̀tùn kò yé bèèrè pé kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn. Ní ọdún 1936, wọ́n gbé Ọ̀tùn kúrò ní Ìlọrin, wọ́n dá a padà sí Èkìtì. Kò sí ogun, ẹnikẹ́ni kò kú. Títí di òní, Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀tùn wà.

Ohun tó mú kí ti Ọ̀tùn rọrùn ni pé nígbà náà, abẹ́ gómìnà kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó ń mójú tó Ìlọrin àti ọ̀gá tó ń mójú tó Èkìtì wà. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbà, tí gómìnà sì fọwọ́ sí i, ó parí. Kò sí ìbò tí ẹnì kan ń bẹ̀rù pé òun yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan yí padà. Àwọn ẹkùn mẹ́ta Nàìjíríà ní ilé aṣòfin tiwọn. Owó orí, iye aṣòfin àti agbára òṣèlú wá dá lórí iye ènìyàn àti bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n sún ààlà, bí ìgbà tó ní kí wọ́n gé nínú ẹran ara ẹlòmíràn ni.

Ní ìpàdé ńlá tó wáyé ní Ìbàdàn ní 1950 lórí òfin tuntun, àwọn aṣojú Ìwọ̀-Oòrùn bèèrè fún Ìlọrin àti Kàbà. Àwọn ti Àríwá kọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú gómìnà, Sir John Macpherson. Ní 1952, Macpherson dájọ́ pé kí ààlà wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé nígbà tí orúkọ Ọláwoyin bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Alátakò ní Kàdúná

Ní ọdún 1951 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn ará ilé ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, jáde ní gbangba ní ìlú Ọ̀wọ̀. Ọláwoyin di ọ̀kan nínú òpó ẹgbẹ́ náà ní Àríwá. Kì í ṣe iṣẹ́ tó rọrùn. Ẹni tó bá ń ṣe Ọlọ́pẹ ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe é ní Ọffà tàbí Kàbà, abẹ́ N.A. ló wà, abẹ́ dògárì ló wà, iwájú adájọ́ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni yóò sì lọ bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án. Ilé ẹjọ́ kò ṣàjèjì sí Ọláwoyin.

Ní 1956, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin Àríwá ní Kàdúná. Ó di olórí àwọn alátakò nínú ilé náà, ó sì wà nípò yẹn títí di 1961. Ilé tí ẹgbẹ́ NPC ti Sàdáúnà Sókótó, Sir Ahmadu Bello, ti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣòfin ni. Àwọn tó tẹ̀lé Ọláwoyin kò pọ̀. Síbẹ̀ kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbà.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Láti Ìyàmoyè ní ilẹ̀ Ìjùmú, Òmùò-Èkìtì kò jìnnà. Wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, ọmọ tó wà ní Òmùò ń lọ sí ilé ìwé láìsan kọ́bọ̀, òfin ọ̀fẹ́ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní ọ̀hún. Baba méjì ní oko kan náà, irè oko kan náà, ọ̀kan ń san owó ilé ìwé, èkejì kò san. Ààlà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fojú rí rí wá di ohun tí wọ́n ń fi àpò wọn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣẹ náà tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ láyé àtijọ́, kò sí ọba kan tó jọba lórí gbogbo wọn. Ìlànà Àríwá tí òyìnbó gbé kalẹ̀ fẹ́ olórí kan tí gbogbo ilẹ̀ yóò máa wo ojú rẹ̀, bíi ti àwọn ẹmíà. Èyí kò bá àṣà ọ̀pọ̀ ìlú mu. Ní Ọffà, ohun tó ń dun àwọn ènìyàn ni pé abẹ́ Ìlọrin tó ti ṣẹ́gun wọn ni wọ́n ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í dá ọba lójú. Àríwá náà ní àwíjàre tirẹ̀. Wọ́n ní Ìlọrin ti so mọ́ Sókótó láti ìgbà pípẹ́, nípa ẹ̀sìn àti nípa oyè. Wọ́n ní bí wọ́n bá gé ibì kan, gbogbo ẹ̀yà tó wà lẹ́bàá ààlà ni yóò dìde. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá Àríwá ló fẹ́ kúrò. NPC ní alátìlẹ́yìn ní Ìlọrin àti ní Kàbà. Àwọn ọmọ Okun kan sì rí ọ̀nà gòkè nínú iṣẹ́ ọba Àríwá. Olóyè Sunday Awóníyì, ọmọ Mopa, tó kú ní 2007, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kàdúná ló ti di ènìyàn ńlá, ó sì padà di olórí ẹgbẹ́ Arewa Consultative Forum. Ọláwoyin àti Awóníyì, ọmọ Yorùbá Àríwá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wo ìlà kan náà yàtọ̀ síra.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ tálákà

Ní Ìlọrin fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ kan dìde tó ń jẹ́ Ìlọrin Tálákà Pàràpọ̀, tí wọ́n ń pè ní ITP. Àwọn bíi Sulaiman Maito àti Jimoh Adélabú ló wà níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí bá Ọlọ́pẹ da ọwọ́ pọ̀. Ní 1956, wọ́n borí nínú ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlọrin. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tálákà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀ jókòó síbi tí àwọn ìjòyè nìkan ti ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ààlà ṣe ń yí padà. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n lè sọ ní Kàdúná pé àwọn òṣèlú Ìbàdàn ló ń da ilẹ̀ rú, pé ará ìlú kò sọ pé àwọn fẹ́ lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó fara mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn borí nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ló sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ohun tó bá sọ nípa ààlà, ó ṣòro láti pè é ní ọ̀rọ̀ àlejò.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá. Ìjọba Àríwá gbé ìwádìí dìde lórí bí ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1958, wọ́n tú u ká. Ìbá dára bí Ìlọrin, Kàbà, Èkìtì àti Òndó bá ti lè jókòó ní tábìlì kan, kí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ìhín àti ti ọ̀hún jọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́. Àwọn tó wà lókè wọn kò fún wọn ní àǹfààní yẹn.

Ìgbìmọ̀ Willink

Ní ìparí 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin wá sí Nàìjíríà lábẹ́ Sir Henry Willink. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbà dé iwájú wọn pẹ̀lú. Ìrètí Ọláwoyin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé, bí ìgbìmọ̀ náà bá gbọ́ ẹnu ará ìlú, wọ́n á ní kí wọ́n dìbò láti mọ ibi tí ará ìlú fẹ́ wà.

Ní 1958, àbọ̀ wọn jáde. Wọn kò fọwọ́ sí dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, wọn kò sì sún ààlà Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún náà, Awólọ́wọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè, Alan Lennox-Boyd, jẹ́ kó yé wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún Nàìjíríà pín, òmìnira yóò pẹ́. Ó di kí wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n mú òmìnira. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 dé, ìlùú sì dún ní Kàbà bó ṣe dún ní Èkó, ṣùgbọ́n ìlà Goldie wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó dùn wọ́n jù ni ohun tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n ní kí àwọn ará Kamẹrúùnù ti Àríwá, tó wà lábẹ́ àbójútó Gẹ̀ẹ́sì, dìbò bóyá Nàìjíríà ni wọ́n ń lọ tàbí Kamẹrúùnù. Wọ́n mú Nàìjíríà, wọ́n sì fi ilẹ̀ wọn kún Àríwá. Ní oṣù keje ọdún 1963, wọ́n ní kí àwọn ará Benin àti Delta dìbò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹkùn tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni Mid-West ṣe jáde lára Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹjọ. Ilé aṣòfin Àríwá àti ti Ìlà-Oòrùn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ọ̀ràn ẹlòmíràn rọrùn láti dá. Nígbà tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ń gé, ìbò ará ìlú dára. Nígbà tó jẹ́ ti Àríwá, ẹnikẹ́ni kò bi Ìlọrin àti Kàbà léèrè.

Ẹjọ́ lórí ẹjọ́

Ọláwoyin kò bínú gbé idà. Ilé ẹjọ́ ló gbà lọ. Ní 1958, ìjọba Àríwá ṣe òfin kan nípa àwọn ọmọdé tó sọ pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá sí òṣèlú, tó sì fi ìyà sí i. Ọláwoyin ní òun ní ọmọ, òun sì fẹ́ máa kọ́ wọn ní òṣèlú, nítorí náà òfin yẹn tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ó gbé ìjọba Àríwá lọ sí ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ yìí ní 1961. Wọ́n dá ẹjọ́ náà nù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tí ì fẹ̀sùn kàn án, òfin náà kò sì tí ì pa á lára. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ amòfin ń ka ẹjọ́ Ọláwoyin nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjì ńlá jà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní 1962, wọ́n fẹ̀sùn kan Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀. Ọláwoyin wà lára àwọn tí wọ́n fà lọ síwájú Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ẹgbẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbà kiri rẹ̀yìn pátápátá.

Ohun tí ìbò kò ṣe, ìbọn ló ṣe é, kò sì ṣe é bí Ọláwoyin ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìlọrin àti Kàbà bọ́ kúrò lábẹ́ Kàdúná, wọ́n di ìpínlẹ̀ kan, èyí tí wọ́n padà sọ ní Kwara. Ṣùgbọ́n wọn kò darapọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlà tó ya Kàbà sọ́tọ̀ kúrò lára Èkìtì kò kúrò lójú kan, ó kàn yí orúkọ padà láti ààlà ẹkùn sí ààlà ìpínlẹ̀.

Nígbà tí òṣèlú padà dé ní 1979, Ọláwoyin dupò gómìnà Kwara lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀. Adamu Attah ti ẹgbẹ́ NPN, ọmọ Okene, ló wọlé. Ọláwoyin kò dé ilé ìjọba Ìlọrin títí tó fi kú. Ó kọ ìtàn ìrìnàjò òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kí ó tó lọ.

Ohun tó kù sílẹ̀ fún ilẹ̀ Okun

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n gé ilẹ̀ Okun àti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà kúrò lára Kwara, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ mọ́ Ígálà láti Benue, ó di Kogi. Báyìí ni Okun àti Ọffà, tí Ọláwoyin gbé ẹjọ́ wọn pọ̀, ṣe pínyà. Àṣẹ ìjọba ológun ni. Ẹnikẹ́ni kò dìbò sí i.

Lónìí, ìwé òfin ọdún 1999 ti kọ ọ̀nà tí ààlà lè gbà yí padà sílẹ̀. Abala keje sọ pé ẹni tó bá ń pààlà ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn kedere, kí ó sì wo ohun tó da àwọn ará ibẹ̀ pọ̀, àjọṣe wọn láti àtijọ́, àti bí iṣẹ́ ìjọba yóò ṣe rọrùn. Abala kẹjọ sọ bí wọ́n ṣe lè sún un. Bí ó bá jẹ́ ààlà ìjọba ìbílẹ̀, bíi ti Kàbà/Bùnú àti Ìjùmú, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú àdúgbò náà àti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè fún un, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó ṣe òfin. Bí ó bá jẹ́ ààlà ìpínlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé Àbújá, àwọn aṣojú àdúgbò tó ń bèèrè àti ti àdúgbò tó kàn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ti kọ ohun tí Ọláwoyin ń wá sílẹ̀: kí ìhín àti ọ̀hún jọ di okùn mú.

Òfin àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààlà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2006, fi ààyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ààlà ní ìpínlẹ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ ni alága ìhín àti alága ọ̀hún ti lè jókòó pẹ̀lú àwọn ọba àti àwọn awọnlẹ̀ kí ìjà tó dé. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ààlà ló nílò kí wọ́n sún ìlà. Àwọn alága lè jọ ṣe ọ̀nà tó gba ààlà kọjá. Wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí agbowó méjì má baà dúró ti ẹlẹ́rù kan ní ọjà ẹnu ààlà. Wọ́n sì lè gbà pé ilé ìwé tó sún mọ́ ọmọ jù ni kí ọmọ máa lọ. Bí irú nǹkan báwọ̀nyí bá ti wà ní 1955, baba Ìyàmoyè kì bá tí máa wo Òmùò pẹ̀lú omi lójú.

Ọláwoyin kò rí ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ̀ yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Kò ní kí ẹnikẹ́ni jó ilé ẹnikẹ́ni, kò sì wú òpó ààlà. Ìbò, ìgbìmọ̀ ìwádìí, ilé aṣòfin àti ilé ẹjọ́ ló gbà lọ, bí wọ́n tilẹ̀ tì í padà léraléra. Ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ ni pé àwọn tó wà lókè kò jẹ́ kí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ti Ọ̀tùn yọrí sí rere nítorí pé ìhín àti ọ̀hún gbà. Ti Kàbà kò yọrí sí rere nítorí pé ìhín nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀hún sì di etí.

Àwọn tó ń bèèrè fún ìpínlẹ̀ Okun, àti àwọn tó ń bèèrè pé kí Okun padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Èkìtì tàbí ní Kwara, kí wọ́n rántí ọmọ Ọffà yìí. Ẹ̀yìn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀hónú, ẹ jẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ìhín lọ bá àwọn ti ọ̀hún lálejò. Pèrègún tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbìn, ó lè hù. Ṣùgbọ́n èyí tí aládùúgbò méjì bá jọ gbìn ni àwọn ọmọ kì í fà tu.